Ọ̀bọ̀kún Tí A Kò Là

Ẹni tó bá gbé ẹja láti Ìbẹ̀ṣẹ̀ létí ọ̀sà Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní láti jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ le díẹ̀, nítorí ẹja ni wọ́n fi ń dá Ẹ̀pẹ́ mọ̀. Ẹja wà ní ọjà Olúwo láàárọ̀, ó wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọmọ tí kò tíì hu eyín níbẹ̀ sì ti lè mọ orúkọ ẹja ju orúkọ àbúrò bàbá rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ Fàlílátù, ìyàwó Tàjùdéèn apẹja, fi ẹja ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́, kò sì tijú rárá. Ọ̀bọ̀kún ni, òun fúnra rẹ̀ ló yan án, ó sì dá a lójú pé kò sí obìnrin kan létí ọ̀sà, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, tó lè yan ọ̀bọ̀kún bíi tòun. Ká má purọ́, kò parọ́.

Ohun tó mú ẹja rẹ̀ yàtọ̀ ni pé kì í la inú ọ̀bọ̀kún. Àwọn obìnrin yòókù á fi ọ̀bẹ la ikùn ẹja, wọ́n á kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ dànù kí wọ́n tó gbé e sórí ààrò. Fàlílátù á kàn fi iyọ̀ àti omi gbígbóná fọ ara rẹ̀ kó má yọ̀ mọ́, á ká a róbótó, á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ so ẹnu rẹ̀ mọ́ ìrù, á sì tẹ́ ẹ sórí wáyà pẹ̀lú ikùn rẹ̀ ní odindi. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n ní inú ikùn ni adùn ọ̀bọ̀kún wà, àti pé bí èèyàn bá là á, gbogbo ọ̀rá rẹ̀ á kán sínú iná, ẹja á wá gbẹ bí igi. Bí a kò bá là á, ọ̀rá yẹn á yọ́ díẹ̀díẹ̀, á wọ inú ẹran ara rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ìka ọwọ́ rẹ̀ á máa dán. Àwọn oníbàárà tó ń wá láti ìgboro Ìkòròdú máa ń sọ fún un pé ẹja rẹ̀ lọ́ràá. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìyìn tó wà láyé yìí, kò sí èyí tó dùn mọ́ Fàlílátù tó ìyẹn.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Mardiyah, ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́. Mujeeb ni orúkọ ọmọkùnrin náà, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, Ìkòròdú ló ti ń tún fíríìjì ṣe. Kò sí wàhálà lára Mujeeb. Ẹni tó ń já Fàlílátù láyà ni ìyá rẹ̀, Waliyah, obìnrin Ìwó tó ti ń gbé ilé ọkọ ní Ẹ̀pẹ́ láti bí ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ní obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pé oúnjẹ kì í sì í tètè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ilé kan náà ni Mardiyah máa bá a gbé fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyàwó. Bí ọkàn Waliyah bá yọ́ sí ọmọ yìí, ara máa tù ú. Bí kò bá yọ́ sí i, gbogbo ìfẹ́ Mujeeb kò lè ràn án lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná. Fàlílátù mọ èyí dáadáa, nítorí òun náà ti jẹ ìyà ìyá ọkọ rí. Ó wá ṣa ọ̀bọ̀kún tó tóbi jù nínú èyí tí ọkọ rẹ̀ pa, ó rọra yan án, ó sì fi í rán Mujeeb sí ìyá rẹ̀ kí ẹbí méjèèjì tó jókòó mọ ara wọn.

Kò pẹ́ tí Waliyah fi pè é lórí fóònù. Ó kí i, ó kí bàbá, ó béèrè Mardiyah, ó béèrè ọjà, ó sì dúpẹ́ ẹja. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ tó kàn kò rọrùn fún láti sọ.

"Ẹ má bínú o, Ìyá Mardiyah," ó ní, "ó kàn jẹ́ pé ọ̀rá pọ̀ nínú ẹja yẹn."

Orí Fàlílátù wú. Ó ní, "Alhaja, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ọ̀rá inú èyí tó ń bọ̀ á tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi fúnra mi ni mo máa ń ṣọ́ ọ kó má bàa jáde."

Waliyah ní ó dáa, ó ní ẹ ṣé, ó sì pa fóònù. Fàlílátù sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ìyá Mujeeb kò mọ ohun tó máa sọ mọ́, pé ẹja ti pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Níbi tí wọ́n ti tọ́ Waliyah dàgbà ní Ìwó, ọ̀rá ni wọ́n ń pe láílọ́ọ̀nù: ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ẹ̀wà, ọ̀rá tí wọ́n ń rọ omi sí. Láílọ́ọ̀nù ni obìnrin náà ń wí, ọ̀wọ̀ àna ló kàn mú un fi ohùn jẹ́jẹ́ wí i. Kì í ṣe pé Fàlílátù kò gbọ́ ọ rí. Àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun tó háyà ilé kún Ìkòròdú, wọ́n sì ń sọ ọ́ létí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rá àti ẹja pàdé nínú gbólóhùn kan, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló lè ní létí obìnrin yìí. Ó padà sídìí ààrò, ó yan òmíràn tó sanra ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì tún fi í ránṣẹ́.

Ẹ̀pẹ́ dákẹ́. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa wá mọ ẹbí ìyàwó, àfi bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pé kí wọ́n ṣe sùúrù ná. Wọn kò dá ọjọ́ mìíràn. Mardiyah ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ dé, ojú rẹ̀ wú. Mujeeb ti bi í pé kí ni màmá òun ṣe fún màmá rẹ̀ tó fi ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bàbá àgbà àwọn, Alhaji Yísà, ń jẹ ẹja náà níwájú àlejò, ó ń jẹ, ó ń jẹ, ó sì fa láílọ́ọ̀nù dúdú yọ lẹ́nu. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ pe ìyá ìyàwó pé báyìí báyìí ló ṣẹlẹ̀. Ó dá wọn lóhùn pé púpọ̀ sí i ń bọ̀ lọ́nà, àti pé òun gan-an ló ń ṣọ́ ọ. Ẹja kejì dé, wọ́n là á, láílọ́ọ̀nù ló tún wà níbẹ̀. Mardiyah bú sẹ́kún níbi tó ti ń ròyìn, ó ní ìyá Mujeeb ti sọ pé òun kò lè gbà kí ọmọ òun fẹ́ ọmọ ẹni tó ń fojú tín-ín-rín wo òun.

Fàlílátù ní irọ́ ni. Ó ní láílọ́ọ̀nù kò wọ inú ẹja òun rí. Ọ̀bọ̀kún àárọ̀ ọjọ́ náà ṣì wà nínú agbada, kò tíì wọná. Ó mú ọ̀kan, ó mú ọ̀bẹ tó fi ń bẹ iṣu, ó sì la ikùn rẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀ kí ọmọ náà lè rí i pé àwọn ará Ẹ̀pẹ́ kàn ń wá ẹ̀sùn ni. Nǹkan dúdú kan ká jọ sínú àpòlúkù ẹja náà. Ó fi ìka fà á, ó sì gùn ju bó ṣe rò lọ. Ó la òmíràn. Kò sí nǹkan kan nínú ìyẹn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó la ẹ̀kẹta, ó rí abala láílọ́ọ̀nù piọ́wọ́tà, lẹ́tà búlúù ara rẹ̀ ṣì hàn. Kò là mọ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń ronú gbogbo ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ láti ọdún wọ̀nyí wá, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi.

Tàjùdéèn ń so àwọ̀n lábẹ́ àgbọn. Nígbà tó ju ohun tó bá síwájú rẹ̀, ọkùnrin náà wò ó, kò sì yà á lẹ́nu. Ìyẹn ló bí Fàlílátù nínú jù. Tàjùdéèn ní ó ti pẹ́ tí ẹja ti ń jẹ ẹ́, pé òun rò pé ó mọ̀ ni. Ó ní ọjọ́ mìíràn wà tí àwọ̀n máa wúwo, tí inú òun á dùn, tí òun á fà á sókè tán kó wá jẹ́ pé láílọ́ọ̀nù ló kún un.

"Bàbá Mardiyah, kí lẹ wá ń ṣe sí i?"

"A máa ń dà á padà sómi," Tàjùdéèn dáhùn. "Ta ló ń tódò bọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí wálé?"

Bẹ́ẹ̀ sì ni. Àṣà wọn ni, bàbá rẹ̀ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: ẹja nìkan ni ọkọ̀ apẹja ń kó gúnlẹ̀, ohun tí kì í bá ṣe ẹja, omi ló ni ín. Nígbà ayé bàbá rẹ̀, ewé àti igi ni ohun náà. Ó wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé èyí tí ọ̀sà kò bá gbé mì kì í dúró sí Ìbẹ̀ṣẹ̀, pé omi á gbé e gba ìsàlẹ̀ Èkó kọjá bọ́ sínú òkun, àti pé àwọn tó ń pẹja lókun ti rí ìjàpá òkun tó gbé láílọ́ọ̀nù mì tó sì kú sí i. Fàlílátù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò mọ ìdí tí ọkùnrin kan fi lè mọ irú nǹkan báyìí kó sì máa jẹun lọ láìsọ ọ́.

Ó wá ẹni tó máa bú. Ó bú àwọn ará ìgboro tó ń da ilẹ̀ sí gọ́tà bí òjò bá ti ṣú. Ó bú àwọn tó ń mu piọ́wọ́tà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, níbi tó ń so ìdì láílọ́ọ̀nù dúdú kọ́. Méjìméjì ló máa ń fi di ẹja fún oníbàárà kó má bàa já. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá gbálẹ̀ tán, á ti ìdọ̀tí sí bèbè omi, bó bá sì fi máa di àárọ̀, omi á ti gbé e lọ, ibẹ̀ á mọ́ tónítóní. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú ló ti ń pe ìyẹn ní ìmọ́tótó. Kò sí ẹni tó lè sọ pé láílọ́ọ̀nù ẹnu Alhaji Yísà ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n òun náà kò lè búra pé kì í ṣe tòun, ohun tó sì ń dùn ún nìyẹn.

Ìyá ìyàwó kì í lọ sílé ọkọ ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó wá tọrọ rẹ̀. Ojú yẹpẹrẹ ni wọ́n á fi máa wò ó. Tàjùdéèn ní kí wọ́n wá àgbàlagbà kan rán. Mardiyah bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Fàlílátù ní ẹnu òun ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́, ẹnu òun ló máa tún un ṣe. Ó wọ mọ́tò ní Ìkòròdú, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Kò tíì lọ sí ilé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òfo rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja wo ló fẹ́ gbé dání? Títí tí wọ́n fi kọjá Ìmọ̀tà tí wọ́n sì fi ré kọjá Agbówà ló ń to ohun tó máa sọ sẹ́nu, nígbà tí mọ́tò sì máa fi wọ Ẹ̀pẹ́, ó ti gbàgbé gbogbo rẹ̀.

Waliyah fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ẹnu yà á, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ara rẹ̀. Ó dì í mú nígbà tó fẹ́ kúnlẹ̀, ó fún un níjòókòó, ó sì gbé piọ́wọ́tà tútù fún un. Fàlílátù gbà á. Kò já a mu, ó kàn dì í mú sórí itan.

"Alhaja," ó ní, "ọ̀rá ẹja ni mo gbọ́ o. Ọ̀rá tó ń yọ́ bí èèyàn bá ń yan án. Mo rò pé ẹ̀ ń yìn mí ni."

Waliyah wò ó títí. "Èyí tí ẹ ní ẹ̀ ń ṣọ́ kó má bàa jáde ńkọ́?"

"Ọ̀rá ẹja náà ni."

Ẹ̀rín gbé obìnrin tí wọ́n ní kì í sọ̀rọ̀ yìí. Ó fi ìbòrí bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn ti jókòó yí ká fóònù tí àwọn ń gbọ́ ọ, tí bàbá àgbà ń béèrè pé ṣé orí obìnrin náà pé ṣá. Fàlílátù kò lè bá a rẹ́rìn-ín. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní òun fún àgbàlagbà ní láílọ́ọ̀nù jẹ, ẹ̀rín kọ́ nìyẹn. Waliyah sún mọ́ ọn, ó ní ohun tó dun òun kì í ṣe láílọ́ọ̀nù yẹn gan-an, bí kò ṣe pé òun rò pé wọ́n ń fojú di òun torí pé òun kì í ṣe ọmọ etí omi. Ó ní ẹja Ẹ̀pẹ́ náà ń jẹ láílọ́ọ̀nù, ìdí tí kì í fi í dé ẹnu àwọn ni pé àwọn máa ń là á.

"Ọjọ́ tí a dá tẹ́lẹ̀ ti kọjá, a máa dá òmíràn," ó ní. "Mardiyah ti di ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹja tí a máa jẹ lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa là á."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò sì sí ibi kankan nínú rẹ̀. Fàlílátù ní òun á là á. Ó dúpẹ́, ayọ̀ sì kún inú rẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀. Inú mọ́tò nígbà tó ń padà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé òun ti fi iṣẹ́ ọwọ́ ìyá òun sílẹ̀ sínú pálọ̀ ẹlòmíràn.

Wọ́n ṣe ìyàwó, ó sì dùn. Àwọn àlejò jẹ ẹja títí, wọ́n ní ó dára, ó mọ́. Ó gbẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Fàlílátù já ìdì láílọ́ọ̀nù kúrò lára ìṣó. Ewé gbòdògì tí wọ́n ń kó wá láti ọ̀nà Ìmọ̀tà ló fi ń di ẹja, ẹni tó bá sì gbé abọ́ tàbí agbọ̀n wá, á fi jàrá sí i fún un. Kò rọrùn bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Oníbàárà kan tó gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá ní òróró ẹja máa ba àga ọkọ̀ òun jẹ́, ó sì kọjá sọ́dọ̀ Ṣùkúrátù tí ààrò tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹni tó ń fi láílọ́ọ̀nù méjìméjì di tirẹ̀ láìbìkítà. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ṣùkúrátù ń pe Fàlílátù ní Ìyá Eléwé, àwọn méjèèjì kò sì kí ara wọn dáadáa fún odindi ìgbà òjò kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ọkọ̀ Tàjùdéèn gúnlẹ̀, ẹja wà níwájú, láílọ́ọ̀nù tútù sì kún ẹ̀yìn. Àwọn apẹja yòókù fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí wọ́n fi sọ ọ́ ní Tàjù Oníláílọ́ọ̀nù. Òkìtì àkọ́kọ́ tó kó jọ, òjò ńlá kan ló gbé gbogbo rẹ̀ padà sínú ọ̀sà, ìyàwó rẹ̀ sì dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó, ó ń pòṣé. Láti ìgbà náà inú àpò ni wọ́n ń kó o sí. Ẹni tó ń ra láílọ́ọ̀nù piọ́wọ́tà á wá kó ìyẹn, dúdú kò sí ẹni tó ń fẹ́ ẹ, àfi kí wọ́n rù ú lọ sójú títì níbi tí mọ́tò tó ń kólẹ̀ lè dé. Díẹ̀díẹ̀ àwọn tó ń ṣẹ̀fẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú àpò dání lọ sódò. Ṣùkúrátù kò yí padà tán. Bí oníbàárà bá béèrè láílọ́ọ̀nù, á fún un ní ẹyọ kan, kì í ṣe méjì mọ́. Fàlílátù ní ìyẹn náà dáa, wọ́n sì ti ń kí ara wọn. Bó bá wo bí ọ̀sà ṣe tóbi tó, á bi ara rẹ̀ pé kí ni àpò tiwọn fẹ́ dín kù nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ó ń rù ú lọ sójú títì.

Mardiyah lóyún. Gbogbo oúnjẹ ló ń rùn sí i ní Ẹ̀pẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀ se èyí, ó se tọ̀hún, kò lè jẹ ẹ́. Ó pe ìyá rẹ̀, ó ní ohun kan ṣoṣo ló ń wu òun: ọ̀bọ̀kún, irú èyí tí òun jẹ dàgbà, tí wọn kò là.

Fàlílátù kò mọ ìyá tó lè gbọ́ ìyẹn lẹ́nu aboyún kó sọ pé rárá. Tàjùdéèn lọ sódò, ó mú ọ̀kan tó sanra bọ̀, ó ní kó yan án bẹ́ẹ̀ fún ọmọ, pé láílọ́ọ̀nù inú àwọ̀n ti dín kù díẹ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwọn. Fàlílátù fi iyọ̀ àti omi gbígbóná fọ ẹja náà. Ó ká a róbótó, ó fi igi so ẹnu rẹ̀ mọ́ ìrù, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Iná ti wà nílẹ̀. Ó gbé ẹja náà dúró lórí ààrò, kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó fa igi náà yọ, ó tẹ́ ẹja sórí pákó, ó sì là á.

Inú rẹ̀ mọ́. Ó tú gbogbo rẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí Ọlọ́run kò fi síbẹ̀. Ó yan án bẹ́ẹ̀, ó dúró tì í, ó ń gbọ́ bí ọ̀rá rẹ̀ ṣe ń kán sínú iná títí tí kò fi kán mọ́. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀, ó sọ fún un pé ẹja ń bọ̀, àti pé òun ti là á.

"Kí lẹ bá nínú ẹ̀, Màámi?"

"Mi ò bá nǹkan kan."

Fàlílátù gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe mí kanlẹ̀. "Ẹ̀ bá ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn."

"Ọmọ mi," Fàlílátù ní, "bí mi ò bá là á, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"